Tapólì Tó Bo Ojú Alága

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹjọ oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2025, ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, wọ́n lé Adéníkẹ́ Olúrẹ̀mí kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nílùú Jos. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni. Ó ti lo ọdún mẹ́fà nínú yàrá ẹ̀rọ ilé ìlúwẹ̀ẹ́ tó wà ní Dadin Kowa, níbi tó ti ń tọ́jú omi àti afẹ́fẹ́ ilé náà. Kò jalè. Kò pẹ́ dé ibi iṣẹ́ rí. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà tí wọ́n fi lé e lọ ni pé ó "fi tapólì bo ojú Alága bí ìgbà tí ènìyàn bá bo ojú òkú, pẹ̀lú èrò ibi lọ́kàn."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Àwọn àgbàlagbà mẹ́sàn-án ló jókòó yí tábìlì ká tí wọ́n fọwọ́ sí gbólóhùn yẹn, gbogbo wọn ló sì jẹun kí wọ́n tó wá.

Alága tí wọ́n bo ojú rẹ̀ ni Olóyè Ẹnjiníà Dókítà Fọlábí Akínjídé, alága Àjọ Tó Ń Rí sí Omi Ìgbafẹ́ Abẹ́ Òrùlé. Ó yẹ kí n tú orúkọ yìí palẹ̀ fún yín. "Olóyè" wá láti ìlú kan tí ọkùnrin náà kò tíì fẹsẹ̀ tẹ̀ rí. Wọ́n fi ìwé oyè náà ránṣẹ́ sí i nínú àpò ìwé. "Ẹnjiníà" bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tó gbá rédíò kan lẹ́yìn, tí rédíò náà sì ṣèèṣì sọ̀rọ̀. "Dókítà" ni tirẹ̀ láti ìgbà tó ti parí ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ méjì lórí fóònù nípa bí a ṣe ń jẹ́ aṣáájú onírẹ̀lẹ̀. Bàbá rẹ̀ ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Jos fún ọdún mọ́kànlélógún, èèyàn jẹ́jẹ́ sì ni. Ibi tí ọmọ ti rí gbogbo ariwo yẹn, ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, gbogbo òṣìṣẹ́ máa ń tò sí ẹnu géètì ní agogo mẹ́jọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọyẹ́ Jos, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ: ètè á là, etí á kú, èémí á máa jáde lẹ́nu bí èéfín. Síbẹ̀ wọ́n á dúró. Tí mọ́tò Alága bá yọ, akọ̀wé àgbà tó ń jẹ́ Olúkọ́lá á sáré ṣílẹ̀kùn, á sì ké pé, "Ráńkádédé!" Gbogbo ìlà á dáhùn pé, "Ẹ̀mí yín á gùn!" Alága á fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, á dúró kí wọ́n rí bàtà náà dáadáa, lẹ́yìn náà á mú ẹsẹ̀ kejì sọ̀ kalẹ̀.

"Olúkọ́lá," á sọ bó ti ń wo ojú ọ̀run, "oòrùn pẹ́ kí ó tó yọ lónìí."

"Ó pẹ́ lóòótọ́, Alága." Olúkọ́lá á wo aago ọwọ́ rẹ̀. "A ó fún un ní kúẹ́rì."

Ẹ má rò pé àwàdà ni o. Olúkọ́lá kì í ṣàwàdà. Ọkùnrin náà ní ìwé kékeré kan tó ń kọ ohun tí Alága bá sọ sí, títí kan àkókò tí Alága bá sín.

Ẹ jẹ́ ká wọ inú ilé.

Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kan ló wà níbẹ̀, lábẹ́ òrùlé, gígùn rẹ̀ tó mítà márùndínlọ́gbọ̀n. Púùlù ni gbogbo ayé ń pè é. Omi rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, nítorí pé ní Jos, ẹni tó bá lúwẹ̀ẹ́ nínú omi tí iná kò kàn ní oṣù Ṣẹẹrẹ, ilé ìwòsàn ló ń bọ̀. Ṣùgbọ́n omi gbígbóná kì í jókòó jẹ́ẹ́. Ó máa ń gòkè wọ inú afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀, a ò ní rí i, bó bá sì ṣe ń lọ ni ó ń gbé ooru tí a fi iná wá lọ. Iṣẹ́ Adéníkẹ́ ni kí ó má jẹ́ kí ó lọ.

Ohun mẹ́ta ló ń ṣe. Ó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú gbọ̀ngán gbóná ju omi lọ díẹ̀, kí omi má bàa máa sáré gòkè. Ó ń tú afẹ́fẹ́ ọ̀rinrin jáde gba inú àpótí irin ńlá kan lókè yàrá ẹ̀rọ. Nínú àpótí náà, afẹ́fẹ́ tó ń jáde àti tuntun tó ń wọlé láti ìta máa ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láì dàpọ̀, èyí tó ń lọ á sì fi ooru rẹ̀ sílẹ̀ fún èyí tó ń bọ̀. Ẹ̀kẹta ni tapólì. Ó rà á ní ọjà Katako lọ́wọ́ Taofeeq, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta pákó àti fóòmù níbẹ̀ bíi bàbá bàbá rẹ̀. Taofeeq rán fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ sí abẹ́ rẹ̀. Tí ẹni tó kẹ́yìn bá ti jáde nínú omi nírọ̀lẹ́, wọ́n á fà á bo ojú omi títí di àárọ̀.

"Bàbá," Adéníkẹ́ sọ fún ẹnìkan nígbà kan, "tí ẹ bá ṣí ìkòkò sílẹ̀ lórí iná, ṣé gáàsì yín ò ní tètè tán? Ìkòkò ńlá ni púùlù yìí."

Bàbá tó bá sọ̀rọ̀ ni Bàbá Timothy, akọ̀wé ọkọ̀ ojú irin tó ti fẹ̀yìn tì. Àrùn rọpárọsẹ̀ mú ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Dókítà ní kó máa rìn nínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, agogo mẹ́wàá. Ẹsẹ̀ tí kò lè gòkè pèpéle lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún ti ń gòkè báyìí. Bàbá kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà. Adéníkẹ́ ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó di oṣù Bélú, ìmọ̀ kan wọ Alága lórí. Ó ní kí wọ́n fa omi púùlù gbẹ, kí wọ́n sì fi táìlì aláràbarà ya ojú òun sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é. Ojú náà gùn ní mítà mẹ́sàn-án. Imú nìkan gùn ju ọkùnrin kan tó nà gbọọrọ lọ. Nígbà tí wọ́n da omi padà, Alága dúró létí rẹ̀, ó sì bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀.

"Kí n tó dé," ó ní, "omi ibí yìí kàn ń gbóná ni, kò mọ ẹni tó ń gbóná fún. Ó ń rú, kò mọ ẹni tó ń rú fún. Èmi Akínjídé, tí òkè Jos ń tẹ̀ fún nígbà tí mo bá ń kọjá, èmi ni mo fún omi ní ojú! Láti òní lọ, ẹni tó bá bẹ́ sómi, àyà mi ló bẹ́ sí. Ẹni tó bá rì, ọwọ́ mi ló rì sí!"

"Ráńkádédé!" ni Olúkọ́lá ké, ó ń nu ojú.

Wọ́n kan pátákó kan sí ibi tí omi kò ti jìn. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyí: Ẹ MÁ ṢE TẸ ALÁGA NÍMÚ.

Bàbá Timothy ni ó ṣòro fún jù. Ọ̀nà tó ń rìn nínú omi gba orí ojú náà kọjá. "Níkẹ̀ẹ́," á ké sí Adéníkẹ́ láti inú omi, "mo ti dé etí Fọlábí o. Mo ń lọ sí àgbọ̀n." Alága kórìíra kí wọ́n pe òun ní Fọlábí lásán. Ṣùgbọ́n kí ló lè ṣe? Bàbá Timothy mọ̀ ọ́n nígbà tó ń fi ṣòkòtò tó ya nídìí sáré lórí ojú irin.

Ó wá ku bí ọ̀rọ̀ ṣe di ti òkú.

Ní ọjọ́ keje oṣù Ṣẹẹrẹ, nígbà tí agogo márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ lù, Alága mú àlejò mẹ́ta wá láti wá wo ojú òun. Wọ́n wọlé. Àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ ti lọ. Tapólì aláwọ̀ búlúù ti bo omi láti etí dé etí.

"Olúkọ́lá," Alága sọ, ohùn rẹ̀ kéré, "kí ni mò ń wò yìí?"

"Tapólì ni, Alága."

"Níbo ni ojú mi wà?"

"Ó wà lábẹ́ ẹ̀, Alága."

"Láti iwájú orí?"

"Títí dé ọrùn, Alága."

"Ó dáa. Nílé bàbá tìrẹ, Olúkọ́lá, ta ni wọ́n máa ń na aṣọ bò láti iwájú orí títí dé ọrùn?"

Àlejò kan ṣèèṣì ṣí fìlà, ó sì tẹ orí ba. Nígbà tó rí bí Alága ṣe wò ó, ó dé e padà kíákíá. Ó ti pẹ́ jù. Ẹni tó bá ti rí ẹni tó ń ṣí fìlà nítorí rẹ̀, kò tún sí àlàyé kankan tó lè wọ̀ ọ́ létí mọ́.

Wọ́n pe Adéníkẹ́ láti yàrá ẹ̀rọ. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì ṣàlàyé: omi, ooru, ìkòkò, gbogbo rẹ̀.

"Ṣé òtútù ń mú mi ni?" Alága bi í.

"Ẹ̀yin kọ́, Alága. Omi ni."

"Ojú ta ló wà nínú omi náà?"

"Ojú yín ni, sà."

"Nígbà náà, ta lo bò?"

Adéníkẹ́ wo tapólì. Ó wo Alága. "Alága, ẹ ti ń bọ̀ níbí láti ọdún kan ààbọ̀," ó ní. "Ojoojúmọ́ là ń bò ó. Kì í ṣe pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ gbọ́!" Alága yí sí àwọn àlejò. "Ojoojúmọ́ ni mo ń kú!"

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, kúẹ́rì dé sọ́wọ́ Adéníkẹ́ ní agogo mẹ́sàn-án. Ó dáhùn ní agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀, gbólóhùn mẹ́rin péré: "Tapólì yìí kì í ṣe aṣọ òkú. Ó ń dá ooru dúró sínú omi. Tí a bá mú un kúrò, tí a kò sì tú afẹ́fẹ́ jáde, ọ̀rinrin yóò kún ilé, pákó òrùlé yóò sì jẹrà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó máa bo omi nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá lúwẹ̀ẹ́." Olúkọ́lá fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ "òkú" àti "jẹrà". Ó ní ẹ̀rí nìyẹn. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án jókòó. Agogo mẹ́wàá kò tíì parí lílù nígbà tí wọ́n ní kí ó máa lọ.

Kí ó tó lọ, ó ká tapólì náà, ó nu ún gbẹ, ó sì gbé e sórí pẹpẹ tó ga jù nínú sítọ̀. Ó fi ìwé kékeré kan mọ́ ọn lára.

Ó padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Zawan, níbi tí wọ́n ti ń gbin pòtétò. Òtẹ́ẹ̀lì kan láàárín ìgboro fẹ́ gbà á síṣẹ́, wọ́n ní kó mú lẹ́tà ibi iṣẹ́ àtijọ́ wá. Ó mú un wá. Máníjà kà á, ó tún un kà, ó sì bi í pé, "Màdáàmù, ẹ ní ẹ bo ojú ọ̀gá yín?" Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn. Ibì kejì kà á, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ibì kẹta kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Gbogbo ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe lọ́dún mẹ́fà, gbólóhùn kan dínà mọ́ ọn.

Ní Dadin Kowa, ojú Alága ń mí afẹ́fẹ́ ìdáǹdè. Wọn ò bò ó mọ́. Kò tó ọjọ́ mẹ́ta tí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Alága ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná sí òpin agbára rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń jó, ó ń jó, omi náà ń tutù. Alága wá wo òkè ara ògiri, ó rí àwọn ihò afẹ́fẹ́.

"Olúkọ́lá! Kí ni ihò wọ̀nyẹn ń ṣe?"

"Afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ jáde, Alága."

"Ó ń lọ síbo?"

"Ìta, Alága."

"Ta ló fún un láyè?"

Bí wọ́n ṣe ránṣẹ́ sí Taofeeq nìyẹn pé kó mú pákó àti fóòmù wá láti Katako, kó dí gbogbo ihò pa. Taofeeq wá, ó wo òkè, ó mi orí.

"Haba, Alága! Ilé gbọ́dọ̀ mí. Wàlláhì, ilé tí omi gbígbóná wà nínú ẹ̀, ẹ ò lè dí i nímú."

"Ṣé ilé ní imú ni?"

"Tiyín ní, Alága. Ó wà nísàlẹ̀ omi yẹn."

Olúkọ́lá kọ ọ́ sínú ìwé kékeré rẹ̀. Taofeeq dí àwọn ihò náà, nítorí pé ó ní ọmọ mẹ́rin, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun sọ fún wọn.

Ohun kan ló kù. Aṣọ ìgúnwà Alága kì í dín ní mẹ́ta lórí ara wọn: sìǹgílẹ́ẹ̀tì, dàńṣíkí, àti agbádá tí wọ́n fi òwú wúrà ṣe iṣẹ́ sí láyà. Nínú gbọ̀ngán tí wọ́n dí pa, ó ń làágùn. Ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́fà síbẹ̀. Omi kó gbóná bí iná, ó pàṣẹ, afẹ́fẹ́ kó tutù bíi ti ọ́fíìsì Àbújá.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ rántí ohun tí Adéníkẹ́ ń ṣe. Ohun tó ń ṣe ni wọ́n yí padà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò ku ẹyọ kan.

Ọjọ́ kẹta, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán láti òkè. Ó kán sórí Bàbá Timothy lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó kán sí etí àwo tíì Olúkọ́lá. Kùrukùru dúró lójú omi. Pákó òrùlé wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án ọjọ́sí tún jókòó. Wọ́n ní òjò ni. Wọ́n ní òrùlé ti lu.

Taofeeq gun òrùlé lọ wò ó. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, eruku ọyẹ́ ti sọ irun rẹ̀ di funfun bíi ti arúgbó.

"Òkè gbẹ, Alága. Òjò wo la rí láti oṣù Ọ̀wàrà? Ẹ fọwọ́ kan orí mi."

"Nígbà náà," Alága sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "inú ilé ni òjò náà ti ń rọ̀."

"Ohun tí mò ń sọ láti ọjọ́ yìí nìyẹn, Alága."

Alága dìde. Ojú rẹ̀ tàn. "Ẹ ò rí i bí? Gbogbo alága tó kù ní Nàìjíríà, òjò gbogbo ènìyàn ló ń rọ̀ lé wọn lórí. Èmi nìkan ni òjò ń bá nínú ilé!"

"Ráńkádédé!" Olúkọ́lá ké. "Òjò àdáni!"

Wọ́n pín agboòrùn fún àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́. Mo tún un sọ: wọ́n pín agboòrùn fún àwọn tó wà nínú omi, kí omi má bàa pa wọ́n.

Bàbá Timothy ò gba agboòrùn. Omi tutù débi pé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti ń le padà. Ó rìn dé etí ojú náà, kò lè dé àgbọ̀n. Ó lọ síwájú fèrèsé ọ́fíìsì Olúkọ́lá. "Ẹ pe ọmọbìnrin yẹn padà," ó ní. Olúkọ́lá ní àwọn máa wò ó.

Nígbà tí oṣù náà ku ọ̀sẹ̀ kan kó parí ni lẹ́tà dé láti Àbújá. Iléeṣẹ́ tí àjọ náà wà lábẹ́ rẹ̀ fẹ́ fún ilé kan tó ń fi ọgbọ́n lo ooru ní àmì ẹ̀yẹ, Alága sì ti kọ̀wé béèrè fún un. Ẹ̀rí tó fi ránṣẹ́ ni ìwé tí Adéníkẹ́ ń kọ ooru omi àti ti afẹ́fẹ́ sí lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́fà. Ìyáàfin Tẹjúmádé, ọ̀gá àyẹ̀wò láti Àbújá, ni yóò wá gbé àmì ẹ̀yẹ náà kalẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù Ṣẹẹrẹ.

Lọ́jọ́ náà, wọ́n yá ẹ̀rọ ìmómigbóná méjì kún èyí tó wà. Láti ìdájí ni omi ti ń gbóná díẹ̀díẹ̀. Wọ́n tẹ́ àga yí púùlù ká. Wọ́n gba agboòrùn lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà, nítorí Alága ní ìwọ̀sí ni sí òjò òun. Ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń ké. Kùrukùru tó wà lójú omi gòkè dé àyà, ó dé ọrùn. Kẹ́míkà inú omi, tí kò rí ọ̀nà jáde, bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọn àlejò lójú. Omi ń dà lójú wọn pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀.

"Ẹ wò wọ́n, Mà," Olúkọ́lá sọ sí Ìyáàfin Tẹjúmádé létí. "Ayọ̀ ló ń pa wọ́n lẹ́kún."

"Èmi náà ń sunkún," obìnrin náà dáhùn, ó ń wúkọ́. "Inú mi ò sì dùn."

Alága dìde pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tó jẹ́ ojú ìwé ogójì. Ọ̀rinrin ti mú un. Nígbà tó fẹ́ ṣí ojú ìwé kejì, mẹ́rìndínlógún lẹ̀ mọ́ra, ó sì bọ́ sí ìkejìdínlógún. Kò sẹ́ni tó mọ̀, òun náà ò mọ̀. Yíǹkì ti ń ṣàn sí i lọ́wọ́.

"Èmi ni mo sọ fún ooru pé dúró!" ó ké láti inú kùrukùru. "Ó sì dúró!"

"Ta ló ń sọ̀rọ̀?" Ìyáàfin Tẹjúmádé bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Mi ò rí ẹnikẹ́ni."

"Ráńkádédé!" ni Olúkọ́lá ké, ó sì wólẹ̀ fún òpó kan.

Lókè, pákó kan dún kẹrẹ. Ó já. Ó bọ́ sórí tábìlì, ó fọ́ gíláàsì àwòrán Alága tó wà níbẹ̀, omi tó ti gbà sára sì tú dà sórí àwọn tó jókòó níwájú. Wọ́n pariwo. Wọ́n dìde. Alága rò pé wọ́n ń yìn ín.

"Mo gbọ́ yín!" ó ní. "Ó yá, ẹ wo ojú tó gbé gbogbo èyí ró!"

Ó na ọwọ́ sẹ́yìn láti fi púùlù hàn wọ́n. Ó sún sẹ́yìn ìṣísẹ̀ kan. Ó sún sẹ́yìn ìṣísẹ̀ kejì. Ìṣísẹ̀ kẹta kò bá ilẹ̀.

Ohùn rẹ̀ nìkan la gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn. "Mo kú o! Mo rì o! Ẹ gba Olóyè! Ẹ gba Ẹnjiníà! Ẹ gba Dókítà!"

Àwọn mẹ́ta ló dà bí ẹni tó ń rì. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ti wà nínú omi tẹ́lẹ̀. Bàbá Timothy ni. Wọ́n ti ní kí ó má wá lọ́jọ́ yẹn. Ó ní Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ òun, omi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbóná fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú kùrukùru, ó fi ẹsẹ̀ òsì wọ́lẹ̀, ó di agbádá mú léjìká.

"Fọlábí. Fọlábí! Dìde dúró. Omi ò kọjá àyà ẹ."

Alága dìde. Ó rí i pé lóòótọ́ ni.

"Wo ìsàlẹ̀," Bàbá ní. "Imú ara ẹ lo tẹ̀ yẹn."

Wọ́n fà á jáde. Ẹni tó rin gbingbin tó wá dúró síwájú ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́fà, ẹ mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Eyín rẹ̀ ń lu ara wọn kéke. Agbádá olówùú wúrà wúwo lára rẹ̀ bí àpò sìmẹ́ǹtì. Wọ́n wá táwẹ́ẹ̀lì, gbogbo rẹ̀ ló ti rin. Wọ́n wá kọ́tìnnì, ó rin. Kò sí ohun kan tó gbẹ nínú gbogbo ilé náà.

Taofeeq, tó wà lára àwọn tó wá tẹ́ àga, sáré lọ sí sítọ̀. Ó padà pẹ̀lú tapólì aláwọ̀ búlúù léjìká. Ìwé kékeré náà ṣì wà lára rẹ̀: *Mo ti nu ún gbẹ. Ẹ lò ó. Adéníkẹ́.*

Wọ́n gbé Alága jókòó sílẹ̀, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ tó ní fóòmù yí i ká láti ẹsẹ̀. Nígbà tó kan ọrùn, Taofeeq dúró.

"Kí ló dé?" Alága ń gbọ̀n.

"Mò ń ṣọ́ra ni, Alága. Mi ò fẹ́ kúẹ́rì."

"Fà á sókè."

"Dé ibo, Alága?"

"Bo orí."

"Ojú ńkọ́?"

"Taofeeq, mo bẹ̀ ẹ́. Bo ojú náà!"

Taofeeq bò ó. Lẹ́yìn, láàárín àwọn àlejò, ọkùnrin kan ṣí fìlà, ó sì tẹ orí ba. Ẹni ọjọ́sí yẹn ni. Lọ́tẹ̀ yìí, kò kánjú dé e padà.

Ìyáàfin Tẹjúmádé mú ìwé kékeré náà, ó mú ìwé ọdún mẹ́fà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, ó fi ọwọ́ kíkọ wé ọwọ́ kíkọ. "Ta ni Adéníkẹ́ yìí?" ó bi wọ́n. "Mo fẹ́ rí i."

Taofeeq sọ ohun gbogbo fún un lójú gbogbo ènìyàn. Obìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀, ó gbé àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ padà sínú àpò, ó sì lọ.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Èrèlé ni lẹ́tà ìyọnípò Alága dé. Wọ́n ní lẹ́tà náà bá a lórí ibùsùn, níbi tí kò ti jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ fa kúbúsù kọjá ọrùn òun.

Tí ẹ bá rò pé ibẹ̀ ni ìyà Adéníkẹ́ ti parí, ẹ̀yin náà ò tíì bá wọn ṣiṣẹ́ rí. Ẹni tí wọ́n fi ṣe adelé alága ni Olúkọ́lá. Ó ní kí wọ́n ṣí àwọn ihò afẹ́fẹ́. Ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ amúlétutù kúrò. Ó ní kí wọ́n máa fi tapólì bo omi nírọ̀lẹ́, ojú Fọlábí sì ń sùn lábẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ báyìí. Ó kọ ìròyìn ránṣẹ́ sí Àbújá nípa ìmọ̀ tuntun tó wá sí òun lọ́kàn. Gbólóhùn Adéníkẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú rẹ̀. "Òkú" nìkan ló yọ. Lówùúrọ̀, tí mọ́tò rẹ̀ bá dé ẹnu géètì, ẹlòmíràn ló ń ké ráńkádédé.

Ọ̀rọ̀ Adéníkẹ́ wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án kan náà ni. Wọ́n ní lẹ́tà tó jáde ti jáde, kò sí òfin tó sọ bí a ṣe ń fà á padà. Wọ́n ní Àbújá béèrè lẹ́ẹ̀kan, Àbújá ò sì tún béèrè mọ́. Adéníkẹ́ wà ní Zawan, ó ń wa pòtétò. Àpótí irin òkè yàrá ẹ̀rọ ti ń dí, nítorí kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́.

Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, Bàbá Timothy máa ń jáde nínú omi, á fi táwẹ́ẹ̀lì yí ìdí, á sì rìn lọ síwájú fèrèsé adelé alága. Á fi ìka kan gíláàsì náà. Olúkọ́lá kì í gbé ojú sókè. Á yí ìwé kan, á yí òmíràn. Omi á máa kán lára Bàbá sílẹ̀. Ohun kan náà ló ń sọ, kò fi kún un, kò yọ nínú rẹ̀:

"Ẹ pe Adéníkẹ́ Olúrẹ̀mí padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fa lẹ́tà yẹn ya lójú gbogbo òṣìṣẹ́."